Korobá Tí Dádì Mi Kọ Orúkọ Mi Sí

Òórùn ọ̀dà funfun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Nínú gáréèjì ilé wa ní Rowlett ni, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ooru máa ń mú débi pé tí èèyàn bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin, kíá ló máa fà á padà. Dádì mi ti gbé mọ́tò síta, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti korobá aláwọ̀ búlúù kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ orúkọ mi sí i lára ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Ó kọ orúkọ tèmi, ó kọ ti bàbá rẹ̀, kò yọ ìkankan sílẹ̀. Ó ń súfèé. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, mò ń wò ó, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá wọ bàálù lọ sí England, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé mi ò lọ mọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ilé-ìwé àtijọ́ kan ní England, tó ti wà kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè, ló ní kí n wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì, kí n sì máa gbé inú ọgbà wọn. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ewéko ti gun ògiri rẹ̀ dé òrùlé. Mọ́mì mi, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ilé, ti fi àwòrán rẹ̀ han gbogbo ìjọ tán. Dádì mi ní tirẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í sọ̀rọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣàdédé di rédíò. Òun náà lọ bọ́dìn rí, nítòsí Ọ̀yọ́, nínú ọgbà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó dá sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀, láti orí agogo òwúrọ̀ títí dé àdúrà orí oúnjẹ, irú ilé-ìwé tí mò ń lọ yìí ni wọ́n ti wò ó kọ́. Nítorí náà, ó gbà pé òun mọ ohun tí mo nílò ju àwọn tó ni ilé-ìwé lọ.

Nígbà tí wọ́n fi lísìtì àwọn ẹrù tí mo máa kó dání ránṣẹ́, Dádì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó wọ awò ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà dúdú méjì, gègé onítàdáwà, aṣọ ìbora, aṣọ òjò. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Funfun báláú ni. Ó tún yí i padà.

"Lísìtì yìí ò pé," ó wí. "Korobá dà? Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tiẹ̀ kọ àdá!"

"Àdá?" Mọ́mì pariwo. "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ yìí ní airport ni?"

"Kí ló máa fi gé koríko?"

"They have lawn mowers, Dádì," ni èmi náà sọ, torí òyìnbó ni mo fi máa ń dá wọn lóhùn nígbà yẹn.

Ó wò mí tàánú-tàánú. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ kún un: korobá, ìgbálẹ̀, àdá, àgádágodo mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ ìfọṣọ, gààrí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Mọ́mì fi bá a jà kó tó fi àdá sílẹ̀, ìgbálẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹrin. Ṣùgbọ́n ti korobá, kò gbọ́, kò gbà.

Èmi ò bẹ̀rù òtútù o, mi ò sì bẹ̀rù ìwé. Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwòrán kan nínú ìwé ilé-ìwé náà: àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tí wọ́n so ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti kà á pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni púpọ̀ nínú wọn ti dé ibẹ̀. Wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́. Ta ni màá jókòó tì? Ní Rowlett, àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní láti kékeré náà ni mo ṣì ní, mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́ tuntun. Nígbà tí mo wá rí korobá yẹn tó ń dán níwájú mi pẹ̀lú orúkọ mi gàdàgbà lára rẹ̀, mo rí ẹni tí màá di gbogbo ẹ̀bi lé.

"I'm not taking that bucket."

"O máa gbé e," ó wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Then I'm not going!"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ó gbé e lé orí páálí jẹ́jẹ́, ó wò mí, kò bínú. Ó ní, "Torí korobá?" Ohùn rẹ̀ tutù débi pé ẹkún gbọ̀n mí, ọ̀rọ̀ náà sì jábọ́ lẹ́nu mi ní Yorùbá. Mo ní, "Dádì, ẹ̀rù ń bà mí. Tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹ́ràn mi ńbẹ̀ ńkọ́?"

Ó fa kúlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó lé ọ̀kan, ó ní kí n jókòó sí ìkejì. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun nígbà tí wọ́n mú òun lọ sí bọ́dìn. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé, télọ̀ kan ní àdúgbò ló bá a ka lísìtì, télọ̀ náà sì ka iwájú, kò yí i padà. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ korobá sí. Bí Dádì mi ṣe dé ọgbà láìní korobá nìyẹn. Ní àárọ̀, tí gbogbo ọmọ bá sáré lọ pọnmi, á dúró, á máa wò wọ́n, títí ẹnì kan á fi wẹ̀ tán kó tó rí nǹkan tọrọ. Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ dé àpéjọ àárọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi koríko gígé jẹ ẹ́ níyà. Lọ́jọ́ kọkànlá, ọmọ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ gbé korobá tirẹ̀ wá síwájú rẹ̀, ó ní, "Tètè, agogo ti fẹ́ lù." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jọ pọnmi.

Mo béèrè ibi tí ọmọ náà wà. Dádì mi rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ańkù wa tó ń gbé ní Wylie ló gbé e, ẹni tí mo ti rò láti kékeré pé ọmọ ìyá Dádì ni! Dádì sọ fún un pé èmi ń gbọ́, àti pé ọ̀rọ̀ korobá bọ́dìn la wà lórí rẹ̀.

"Ṣé ó ti sọ fún ẹ pé ó já ọwọ́ korobá náà?" ni ańkù fi dáhùn. "Ọ̀sẹ̀ kejì ni o! Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa."

"Irọ́ ni! Ó ti ń já bọ̀ tẹ́lẹ̀!"

"Tẹ́lẹ̀ ibo? Korobá tuntun!"

Wọ́n jà á títí omijé ẹ̀rín fi ń dà lójú Dádì mi, àwọn àgbàlagbà méjì tí orí wọn ti ń funfun. Nígbà tí ó pa fóònù, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé omi gbígbóná ń yọ látinú ògiri níbẹ̀. Kì í ṣe torí kí o lè fi wẹ̀ ni mo ṣe rà á. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹ tí ẹlòmíràn á wá yá."

Mo gbé korobá náà lọ. Mọ́mì kó ṣinṣín sí i kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n fi téèpù dì í lórí. Ní airport, nígbà tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ béèrè pé kí lèyí, Dádì mi na ara rẹ̀ tán kó tó sọ pé ẹrù ilé-ìwé ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ rí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe bẹ̀rù. Agogo ń lù, a ń fi èdè Látìnì gbàdúrà sórí oúnjẹ, olùkọ́ ìtàn ń mú ajá rẹ̀ wọ kíláàsì, gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń rìn. Mo ti korobá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo yí orúkọ kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ Sátidé kẹta, òjò rọ̀, a lọ gbá họ́kì, ẹrọ̀fọ̀ sì bo gbogbo wa dé orúnkún. Obìnrin tó ń ṣe olórí ilé tí à ń sùn nínú ọgbà ò ní gbà kí bàtà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ omi ìta jìnnà sí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọbìnrin onírun pupa kan ni, ó ń gbọ̀n, ó ní wọ́n ní mo ní korobá, ṣé òun lè yá a?

Kò pẹ́ tí àwa mẹ́fà fi yí i ká lórí àtẹ̀gùn òkúta, tí a ń fọ bàtà, tí a ń ta omi sí ara wa, tí a sì ń jẹ ṣinṣín tó ṣẹ́ kù. Wọ́n ka orúkọ tí Dádì kọ, wọ́n ní kí n pè é fún àwọn, wọ́n sì ń gbìyànjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi láyè ọ̀fẹ́ lọ.

Mo pe ilé. Àárọ̀ ṣì ni ní Dallas. Mo ní, "Dádì, wọ́n ti wá yá a." Kò béèrè ohun tí mò ń sọ. Ó pariwo pe Mọ́mì, lẹ́yìn náà ó ní, "Kí lorúkọ ẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó pe orúkọ ọmọ onírun pupa náà lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, ó sì sáré pa fóònù torí ó fẹ́ pe ańkù ní Wylie.

Ọ̀pọ̀ nínú Látìnì tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo ti gbàgbé. Ọmọ onírun pupa yẹn ṣì ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ ni mo lọ lọ́dún tó kọjá. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo rò pé Dádì mi ò tètè gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù lọ́dún náà, pé lísìtì rẹ̀ nìkan ló ń rò títí mo fi sunkún. Irọ́ ni. Kò fìgbà kankan ṣiyèméjì pé màá rí ọ̀rẹ́. Ohun tó máa mú wọn kan ilẹ̀kùn mi ló ń bá mi wá.