Bí Rùkáyàt Ṣe Fọ Akoto Ogun Bọ́mà

Ní Addo, kò sí ẹni tó ń fọ nǹkan bíi Rùkáyàt. Òróró àgbọn ló ń sè tà, ìkòkò òróró kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú di. Ṣùgbọ́n tí obìnrin yìí bá ti gbé eérú àti èèpo àgbọn tì í, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí o bá jẹun nílé rẹ̀, ojú ara rẹ ni wàá kọ́kọ́ rí nínú abọ́ kí o tó rí ẹran. Ẹran náà kì í sì í tóbi.

Kàsímù ọkọ rẹ̀ ti kú láti 1961. Ó lọ sógun Bọ́mà, ó sì bọ̀, èyí tí kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò bímọ. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ẹbí pín bùbá rẹ̀, wọ́n pín fìlà, wọ́n pín àwọ̀n ẹja. Ẹní tí wọ́n jọ ń sùn lé ló kù fún ìyàwó. Fọ́tò kankan kò sí, nítorí Kàsímù kì í ya fọ́tò. Ó ní látìgbà tóun ti Bọ́mà dé, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dojú nǹkan kọ òun mọ́.

Ní 1972, ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ tí kò kan ará Addo púpọ̀ nítorí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, ẹbí pinnu láti ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí ilé kí wọ́n fi páànù kàn án. Mọ́rúfù, àbúrò ọkọ, ló gun òkè àjà lọ kó ẹrù. Akọ̀wé ni Rùkáyàt ń pè é, nítorí ìyàwó kì í dárúkọ àbúrò ọkọ. Kì í ṣe pé ó mọ̀wé.

“Ìyàwó wa, ẹ bá mi gba àpò yìí o! Irin ló kún inú ẹ̀!”

Akoto sójà mẹ́rin ni, ìpẹtà ti bò wọ́n. Rùkáyàt ti gbọ́ ìtàn wọn, kò kàn rí wọn rí ni. Bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé, kí ẹbí lè rí nǹkan sin. Ní Bọ́mà, kò sí àyè à ń gé irun òkú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ Kàsímù mẹ́ta kú, akoto wọn ló kó wálé, tirẹ̀ ṣìkẹrin. Ó gbé e dé ilé kálukú wọn, wọ́n sì lé e. Wọ́n ní ẹni tó bá gba akoto ti gbà pé ọmọ òun kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ àwọn ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá Àjàlá, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́ta náà, fi ọmọ odó lé e dé etí omi ní Lakowe. Kàsímù tí ogun kò rí pa, ó sáré.

Mọ́rúfù ti mú ọ̀kan, ó fẹ́ máa fi gbọ́n omi ọkọ̀. Rùkáyàt já a gbà. Okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti já nígbà kan rí, ẹni tó ni ín sì ti fi okùn àwọ̀n pààrọ̀ rẹ̀, ó ta á ní kókó méjì, ó yí etí rẹ̀ sínú. Kókó Kàsímù ni. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, ìṣojú Rùkáyàt ló ti ń ta á sí àwọ̀n. Ó gbá a mọ́ àyà, ó bú sẹ́kún. Ohun kan ṣoṣo tó kù láyé tí orí ọkọ rẹ̀ wọ̀ rí nìyí, ó sì búra pé kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ òun.

Inú rẹ̀ dùn, ó wá ṣe ohun tó máa ń ṣe sí ohun tó bá fẹ́ràn: ó fọ̀ ọ́. Àánú àwọn yòókù ṣe é, ó fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìpẹtà lọ. Ọ̀dà funfun kan wà nínú wọn tó le díẹ̀, ṣùgbọ́n Rùkáyàt náà le. Ọ̀dà lọ. Ó fi òróró àgbọn pa wọ́n, wọ́n ń kọ mọ̀nà.

“Ìyàwó wa,” ni Mọ́rúfù wí, “orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀dà kọ síbẹ̀ dà?”

“Orúkọ wo, Akọ̀wé?”

“Orúkọ àwọn tó ni wọ́n.”

Rùkáyàt wo inú abọ́ omi. Orúkọ wà níbẹ̀, òun àti eérú.

Ẹnu Mọ́rúfù kò ní ìdérí. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Lakowe, tí Ìyá Àjàlá sì fi wọ ọkọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

“Ọmọ mi, mo lé ọkọ ẹ níjọ́sí. Kó forí jì mí. Mi ò fẹ́ kú kí n tó sin Àjàlá.”

Rùkáyàt kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Orúkọ wà nínú wọn, mo ti fọ̀ ọ́ dànù. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀.”

“Ta ló kọ́ ẹ ní ìmọ́tótó?” ni ìyá arúgbó wí.

Mọ́rúfù, tí ẹnikẹ́ni kò rán, ti lọ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ìyá ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí èyí tó ní okùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí kókó.

“Òun nìyí! Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ ní kókó títa. Àjàlá mi rèé!” Ó gbé e lé itan, ó sì sun ẹkún tí kò tíì sun látìgbà ogun.

Rùkáyàt la ẹnu. Ó dùn ún wọ egungun. Ṣùgbọ́n òun tó fọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ dànù, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ fún abiyamọ pé kò mọ ọmọ rẹ̀? Mọ́rúfù náà la ẹnu, Rùkáyàt fi ẹsẹ̀ tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà sọ̀rọ̀.

“Ìyá,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n tún fi òróró sí i, kó má baà dípẹtà lọ́nà.”

Wọ́n sin ín ní Lakowe lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Lémọ́ọ̀mù ní òun kò lè kírun sí irin lára, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kò kọ àdúà, ó sì ṣe é. Rùkáyàt sunkún ju ìyá olókùú lọ. Àwọn obìnrin Lakowe ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àfẹ́sọ́nà Àjàlá ni. Ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Nígbà tó délé, ó to akoto mẹ́ta tó kù sórí ẹní, ó bu òróró sọ́wọ́, ó ń pa wọ́n, ó rọra ń ṣe é bí ẹni ń para fún ọmọ ọwọ́.

“Àjàlá,” ló wí, “èyí tí o bá jẹ́ nínú wọn, má bínú. Ìyá ẹ ti rí ọ sin. Ọ̀dọ̀ mi ni wàá máa gbé.”