Ààyè Níbi Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀

Aládùúgbò mi kan ní Elekahia, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń bẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń bẹ àgbà: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi." Kíndìnrín ìyá rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń gba ààyè ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kíá sì làwọn èèyàn ń gbà á tán.

Ó kọ àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà pé kó máa bá òun gba ààyè. Pàbó ló já sí. Òfìfo ni ojú ewé tí wọ́n ti ń gba ààyè kọ́kọ́ máa ń ṣí. Kí ààyè tó yọ síbẹ̀, àṣẹ náà á ti wò ó tán. Ẹsẹ̀ màmá ń wú sí i. Nígbà tí ìdí rẹ̀ yé e, ó ní kí àṣẹ náà má kúrò níbẹ̀, kó máa ṣọ́ ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Màmá rí ààyè.

Mo sìn wọ́n lọ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan ń tẹ fóònù, ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn tì í.

"Since morning I dey press am," ló wí. "E no gree show."

Aládùúgbò mi gba orúkọ ìyàwó náà, ó fi í kún ti màmá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ààyè kan ṣoṣo ló yọ. Orúkọ ìyàwó ọkùnrin náà ló bọ́ sí i.

Mo ní, "Ṣé o ò lè yí i padà sí orúkọ màmá ni?"

"Mo lè yí i."

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó jókòó ti màmá, ó ń rọra fi aṣọ nù wọ́n lẹ́sẹ̀.