Àádọ́ta Dọ́là tí Oleta San

Orúkọ rẹ̀ ni Oleta Ratliff, ó sì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú wa. Ilé tí wọ́n fi tírélà wọ́ gun orí òkè ló ń gbé, èmi ni aládùúgbò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ilé náà ni tirẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Crum ló ni ín, oṣooṣù ni Oleta sì ń sanwó rẹ̀.

Nígbà tí ọkàn Dorsey ọkọ rẹ̀ kọ iṣẹ́, hẹlikópítà ló wá gbé e, torí ilé ìwòsàn ńlá jìnnà sí wa. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n fún Oleta ní ìwé pé òun ló máa san owó ìtọ́jú, ó fọwọ́ sí i. Ta ló máa dúró kàwé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wá èémí? Dorsey kú. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún dọ́là ni gbèsè tó fi sílẹ̀. Oleta san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, owó tán, kò lè san mọ́. Ilé ìwòsàn ta gbèsè náà fún àwọn kan. Àwọn yẹn tún un tà fún àwọn mìíràn, bí ẹni ń ta àgbà ewúrẹ́.

Ní ọdún keje lẹ́yìn ikú Dorsey, Crum wá bá a. Ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Florida.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ lórí ilẹ̀ yìí. Àwọn agégẹdú ti pe owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi lọ̀. Mo lè dúró dè ọ́ di ìparí oṣù kẹsàn-án o."

Ilé Oleta ti gbó. Bí wọ́n bá tún fà á, lójú ọ̀nà ló máa ya sí méjì. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ yẹn ti ra ibi tó ń sùn.

Mo gbé e lọ sí báńkì kó lè yáwó.

"Ẹ̀gbọ́n Virgil, ṣé ọkọ̀ yín yìí á débẹ̀?"

"Ó dàgbà ju ọmọ tó máa dá ọ lóhùn níbẹ̀ lọ. Bọ̀wọ̀ fún un."

Kendra ni ọmọ náà. Ọwọ́ Oleta ló ti jẹun títí tó fi jáde ilé-ìwé. Ó wo ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, nọ́ńbà yín ò tó."

Nọ́ńbà yẹn ni báńkì fi ń mọ ẹni tó ń san gbèsè. Ẹgbẹ̀ta ó lé ogún ni wọ́n ń fẹ́. Ti Oleta jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì.

"Báwo? Mi ò jẹ Crum ní gbèsè rí. Mi ò jẹ owó iná rí."

"Wọn ò kọ ìyẹn síbí, mà. Gbèsè ilé ìwòsàn nìkan ló wà níbí."

"Ìwọ tó máa ń tọrọ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni báńkì ni."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn tó ra gbèsè náà pè é lórí fóònù. Mo wà nídìí tábìlì rẹ̀, à ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Ọmọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù.

"Màmá, ẹ ṣáà san nǹkan. Ì báà ṣe àádọ́ta dọ́là. Ká lè mọ̀ pé ẹ lọ́kàn rere."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa lórí òkè yìí nìyẹn. Bí o kò bá lè san tán, mú nǹkan dání, kí o fi ojú rẹ han ẹni tí o jẹ lówó. Oleta rò pé nọ́ńbà náà á gòkè. Ó san àádọ́ta dọ́là.

Kò pẹ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ wọn fi dé. A gbé e lọ bá Pruitt, agbẹjọ́rò tó ń ran tálákà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọdé ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mà, ẹ ò bá má ti san án. Gbèsè yìí ti pẹ́ ju iye ọdún tí òfin fún wọn. Kí ẹ tó san nǹkan, wọn ò lè gbé e délé ẹjọ́ mọ́. Àádọ́ta dọ́là yẹn ló jí i dìde, ó ti di gbèsè tuntun lójú òfin."

"Kí n má san gbèsè tí mo jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ṣe irú òfin yẹn?"

"Kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀. O ò tíì dàgbà tó láti hu irú ìkà bẹ́ẹ̀."

Pruitt rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló kù. Kí ilé ẹjọ́ máa yọ owó náà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Tàbí kó lọ sọ fún adájọ́ pé òun ò ní agbára mọ́, kí wọ́n pa gbogbo gbèsè rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ kí báńkì tó tún yá a lówó.

"Nínú méjèèjì, èwo ló máa jẹ́ kí n ra ilẹ̀ yẹn kí oṣù kẹsàn-án tó parí?"

Pruitt wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò sí, mà."

 Oleta yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Pruitt.

Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń kó páálí òfìfo síta?"

"Wọ́n ń kó o síta."

"Àwọn àwo mi ni màá kọ́kọ́ dì."

Ó wọ awò rẹ̀, ó mú báàgì, ó dìde, ó jáde.