Ọjọ́ Méje Tí Bàbá Àgbà Kò Gbọdọ̀ Kan Odò

Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsáresọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nígbà náà, mo sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìlútítun.

Odò kan ló wà láàárín abúlé náà àti títì ọkọ̀. Afárá orí rẹ̀ kò ju ìtì ọ̀pẹ mẹ́rin lọ, ọ̀pẹ kì í sì í pẹ́ jẹrà. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, bàbá àgbà á bọ́ sínú omi, á yọ èyí tó ti rà, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yàn án sí i. Bàbá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, ó sì máa ń sọ pé àdúrà tí kò lè gbé obìnrin tó ru epo kọjá odò, kó dákẹ́ ná.

Ọdún yẹn, ó ti gé ìtì tuntun sílẹ̀ létí odò nígbà tí ìran dé. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi la wà. Ẹ̀mí gbé ìyá wòlíì, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lásán. Ó ń gbọ̀n, ó nàka sí bàbá àgbà.

“Kí bàbá má fẹsẹ̀ kan odò fún ọjọ́ méje. Mo rí aṣọ funfun lórí omi. Mi ò rí ẹni tó wọ̀ ọ́.”

Kí a tó jẹun ọ̀sán, ìyá àgbà ti gbé àdá ọkọ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

“Ìyá wọn, ṣé màá máa rùn bí òbúkọ fún ọjọ́ méje ni?”

“Èmi tí mò ń sùn tì yín kò tíì kígbe. A ó bu omi kànga sí garawa fún yín.”

“Afárá ńkọ́?”

“Àwọn ọ̀dọ́ á ṣe é.”

“Ọ̀dọ́ wo? Àwọn tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Òde-Ìrèlè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó di Sátidé.

Òjò kò dúró de Sátidé. Ọjọ́ Ajé ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, omi ti pọ́n, ó ti ń lá ìtì afárá. Bàbá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí sí ariwo odò, oúnjẹ púpurú rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi pé, “Ìtì ẹ̀gbẹ́ òkè ńkọ́? Ṣé kò mì?”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Irọ́ ni. Èmi náà ti lọ wò ó. Méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ̀ bí iṣu tó rà. Ńṣe làwọn tó ń kọjá ń rákò.

Ìyá àgbà wá ní kí gbogbo ọmọ wá bá bàbá wọn gbààwẹ̀. Èmi ni mo gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń wà, mo sì pe ìyá mi. “Màmá, ẹ máa bọ̀. Wọ́n ríran sí bàbá yín.” Ó ní òun á bọ́ sọ́nà lọ́la.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà, mo rò pé inú bàbá àgbà yóò dùn. Mo ní, “Màmá mi ń bọ̀. Wọ́n á ti wà lórí ọ̀kadà báyìí.”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Ọ̀nà wo ló máa gbà?”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ikú bàbá àgbà nìkan ni gbogbo wa ń ṣọ́. Kò sẹ́ni tó rántí ẹsẹ̀ ìyá mi.

Mo sáré gun òkè lọ pe ìyá mi, ìpè kò wọlé. Nígbà tí mo padà, bàbá àgbà ti wà lójúde nínú aṣọ àdúrà rẹ̀, láìwọ bàtà, ìyá àgbà di aṣọ náà mú.

“Ọ̀la péré ló kù, bàbá wọn! Ọ̀la péré!”

Ó rọra tú ìka ìyá àgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ọmọ wa ni, ìyá wọn.”

A bá ìyá mi láàárín afárá, ẹrù lórí, ìtì ń rì lábẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbà kò dúró. Ó wọnú odò, omi dé àyà rẹ̀, ó sì ti èjìká bọ abẹ́ ìtì náà. Aṣọ funfun rẹ̀ tẹ́ sórí omi.

“Má wo ìsàlẹ̀. Máa bọ̀. Àbí ìwọ náà kò mọ̀ pé o ti sanra ni?”

Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó kọjá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ ni ìtì náà yọ, omi sì wọ́ ìtì lọ. Èmi àti ìyá mi la fa bàbá àgbà jáde. Ara rẹ̀ tutù bí ẹja.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ méje ti pé. Gbogbo ìjọ ló ti gbọ́ pé bàbá àgbà wọ odò. Ìyá wòlíì gba àdúrà ọpẹ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú bàbá àgbà. Bàbá náà kúnlẹ̀ láàárín wa, ó ń ṣe àmín. Láàárín àmín kan sí èkejì, ó wúkọ́, ikọ́ kékeré, bí ẹni tó ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ìyá àgbà fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó dì í mú pinpin.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku oṣù mẹ́ta. Ikọ́ náà kò jẹ́ kí ó ṣojú bàbá àgbà.