Ọjọ́ Tí Mo Sáré Dé Ọsibítù Láìgbé Aláìsàn

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn ran ọpọlọ Sènami, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ní Ìworò, ìlú wa létí òkun. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń pe èmi ọkùnrin ní "Màmá". Mo rẹ́rìn-ín. Lójijì, gìrì mú un. Èmi tí mò ń fọ́nnu pé n kì í bẹ̀rù òkun, mo fò sórí ọ̀kadà: "Ọsibítù o!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀gá, ọmọ náà dà?" Mo wo ọwọ́ mi, òfìfo ni.

Àbúrò mi gbé e dé lórí ọ̀kadà kejì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú eré o!"

Dókítà ní ọ̀fìnkìn líle lè ṣe ọpọlọ ọmọdé léṣe. Títètè dé ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Sènami lajú, ó wò mí: "Bàbá, ebi ń pa mí."

Nísinsìnyí, bí ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn bá ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, n kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé.