Fèrè Ọkọ̀ Arvid

Awakọ̀ tírélà ni Arvid, ọmọ aládùúgbò mi níbí ní Dakota. Tó bá ń kọjá nílé ìyá rẹ̀, kì í dúró. Á kàn fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá á sì juwọ́ sí i lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, yìnyín dá a dúró níwájú ilé mi, ó wọlé wá mu kọfí.

Ó ní, "Mi ò kúkú gbàgbé Màmá. Wọ́n ń gbọ́ fèrè mi."

Inú bí mi. "Fèrè kọ́, fàrè ni! Ó ti pé ọdún méjì tí etí wọn ti di. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀, kí o má baà kọjá láìjẹ́ pé wọ́n rí ọ."

Arvid fẹsẹ̀ rìn dé ilé Màmá nínú yìnyín. Ó kanlẹ̀kùn títí. Màmá ò gbọ́. Títì ni wọ́n ń wò.