Gèlè Ìyá Alága Lójú Ewé Òsì

Mo rántí ọ̀sán tí ọkọ̀ ìjọba dúró níwájú gbọ̀ngàn ìjọ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń lò ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, mo ń wọ táì nínú ooru, mo sì gbà pé òyìnbó ẹnu mi tó lé ẹnikẹ́ni padà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn tó ń yáni lówó ni ọ̀gá tó sọ̀kalẹ̀ ti wá. Ó ní kí n kó gbogbo ìwé wa wá, òun ń gbé wọn lọ sí Adó. Òyìnbó tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹ̀rù bà mí.

Bí a ṣe ń kọ̀wé wa ló dá wàhálà sílẹ̀. Ojú ewé ọ̀tún la ń kọ owó tí èèyàn yá àti èyí tó san sí. Ojú ewé òsì la ń kọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe, bó ṣe sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́ fún Ìyá Alága àti èmi. Obìnrin kan wà nínú wa tí gbogbo ìlú gbà pé ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ l'Ékòó. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ọkọ náà wà, owó ìtọ́jú lobìnrin náà yá. Ó sì ní ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti í wádìí ìdílé kí a tó gbé ìyàwó nílẹ̀ yìí.

Mo tún lẹ́tà àṣẹ tí ọ̀gá náà mú wá kà. Ìwé owó nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, agbára yín dé ojú ewé ọ̀tún. Kò dé òsì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Ìyá Alága tó jókòó tì mí. "Mama, ọmọ ulé ni mí. Kí lẹ fẹ́ fi pamọ́ fún mi?"

Ìyá ní, "Torí o jẹ́ ọmọ ulé gan-an ni. Àlejò á ti gbàgbé orúkọ wa kó tó dé Adó."

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo ojú ewé òsì. "Owó lo wá wò. Wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yẹ ìwé náà wò látòkè délẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti fẹ́ ṣí ewé, ìyá á sún gèlè. Wọ́n rán ọ̀gá náà níṣẹ́ ẹrú, kò fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ní òun á kọ ọ́ pé a dí òun lọ́wọ́, wọn á sì gba ìwé àṣẹ wa. Mo ní kó kọ ọ́, kó má sì gbàgbé gèlè. A ṣe ẹ̀dà ojú ewé ọ̀tún fún un. Ìwé fúnra rẹ̀ kò kúrò ní Ìkẹ́rẹ́.

Iléeṣẹ́ ọ̀gá náà halẹ̀ títí, ó sú wọn. Àwọn kan ṣì ń sọ pé a ṣorí kunkun sí ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣe é. Bí wọ́n bá tún wá lọ́la, a ó tún ṣe é.

Ọmọbìnrin náà ti wà nílé ọkọ báyìí. Kó tó lọ, ó pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọkùnrin náà bi í: "Ọjọ́ wo la máa lọ kí wọn?"